Èènì Orí Aṣọ Ogun

Nínú àwọn ọ̀rọ̀ tí ọjà fi ta èdè wa lọ́rẹ, èènì jẹ́ ọ̀kan tí n kò rí ọ̀rọ̀ mìíràn fi rọ́pò. Bí obìnrin tí ń ta gaàrí ní Ìyànà Ọ̀fà bá wọn kọ́ńgò mẹ́ta fún oníbàárà rẹ̀ tán, tí ó tún bu ẹ̀kúnwọ́ kan lé e, ẹ̀kúnwọ́ yẹn ni èènì. Kò sí nínú iye owó tí wọ́n jọ ná. Oníbàárà lè fi ẹ̀rín tọrọ rẹ̀, ó sì lè kùn bí kò bá rí i gbà, ṣùgbọ́n kò lè pe ọlọ́jà lẹ́jọ́ nítorí rẹ̀. Láti inú ọkàn ọlọ́jà ni ó ti ń wá, àti láti inú ìrètí rẹ̀ pé ẹni tí ó rí èènì gbà lónìí yóò tún padà wá lọ́la.

Ọ̀rọ̀ yìí ni mo yá lò nígbà tí mo ń wá orúkọ fún ohun kan tí àwọn ọ̀dọ́ tí ń ṣeré lórí kọ̀ǹpútà máa ń jiyàn lé lórí mọ́jú. Eré tí mo ní lọ́kàn ni World of Warcraft, tí ilé iṣẹ́ Blizzard ní ìpínlẹ̀ California, ní Amẹ́ríkà, gbé jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 2004. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè ni wọ́n jọ ń wọ inú ayé kan ṣoṣo lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n jọ ń jagun níbẹ̀, tí wọ́n ń ná ọjà, tí wọ́n sì ń dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ wọlé gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yan irú akọni tí òun yóò jẹ́. Ìsọ̀rí mẹ́tàlá ni ó wà báyìí: jagunjagun wà níbẹ̀, ọdẹ wà níbẹ̀, àlùfáà, onídán, olóògùn àti ẹni tí ń yọ́ kẹ́lẹ́ gún ọ̀tá lọ́bẹ lẹ́yìn. Ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan ni ó ní aṣọ ogun tirẹ̀, tí ìsọ̀rí mìíràn kò lè wọ̀. Bí akọni bá wọ ẹyọ kan nínú aṣọ náà, aṣọ lásán ni. Bí ó bá wọ ẹyọ méjì, agbára kan bà lé e tí kò sí nínú ẹyọ kankan bí a bá yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá wọ mẹ́rin, agbára kejì tún dé. Àwọn agbára méjèèjì wọ̀nyí ni mo pè ní èènì.

Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni ó rí ní ìbẹ̀rẹ̀. Ní àwọn ọdún àkọ́kọ́, ẹyọ mẹ́jọ ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn aṣọ ogun náà ní: ti orí, ti èjìká, ti àyà, ti ọrùn ọwọ́, ti àtẹ́lẹwọ́, ti ìbàdí, ti itan àti ti ẹsẹ̀. Ẹni tí ó wọ mẹ́ta rí èènì gbà, ẹni tí ó wọ márùn-ún rí òmíràn, ó sì di ìgbà tí ó bá wọ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ kí ó tó rí ìkẹta. Ní 2007 ni wọ́n dín in kù sí ẹyọ márùn-ún, tí èènì sì wà lórí méjì àti mẹ́rin. Mo ronú sí ìyípadà yìí gan-an, nítorí pé ohun kékeré kọ́ ni. Ẹni tí ń wá mẹ́jọ nínú mẹ́jọ, ohun tí ó pé ni ó ń wá. Ẹni tí ń wá mẹ́rin nínú márùn-ún ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ọ̀kan kò ṣe pàtàkì, ó sì lè fi ohun tí ó wù ú dí àyè rẹ̀. Ní 2018, wọ́n tilẹ̀ mú gbogbo èènì náà kúrò pátápátá. Àwọn òṣèré ráhùn títí, kò sì padà dé títí di 2022. Ohun tí wọ́n ń ráhùn lé lórí jù kì í ṣe agbára tí ó dínkù, nítorí agbára wà níbòmíràn nínú eré náà. Wọ́n ní àwọn kò mọ ẹni tí àwọn jẹ́ mọ́.

Kí sáà tuntun tó bẹ̀rẹ̀ nínú eré yìí, ilé iṣẹ́ náà máa ń kéde èènì ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan ṣáájú, wọn a sì gbé e sí orí pápá ìdánwò kí àwọn òṣèré lè tọ́ ọ wò. Níbẹ̀ ni àríyànjiyàn ti ń bẹ́ sílẹ̀. Ọ̀dọ́kùnrin kan tí ó jẹ́ ìbátan mi, tí ó ń tún fóònù ṣe ní Ìyànà Ọ̀fà, wà lára àwọn tí ń dúró de ìkéde yìí bí ẹni tí ń dúró de èsì ìdánwò. Bí iná mànàmáná bá wà, tí owó dátà sì wà lọ́wọ́ rẹ̀, òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọn kò tíì fojú kan ara wọn rí a fi odidi alẹ́ tú gbólóhùn kan ṣoṣo palẹ̀. Mo jókòó tì í lọ́jọ́ kan láti wò ó. Ó ní, “Dádì, ẹ wò ó, wọn kò kọ ‘nígbàkúùgbà’ síbí yìí o, ‘nígbà mìíràn’ ni wọ́n kọ. Ìyẹn ni pé ó lè ṣẹlẹ̀, ó sì lè má ṣẹlẹ̀.” Ó tún fi hàn mí pé “lẹ́yìn tí” àti “nígbà tí” kò jọra nínú irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀, àti pé ẹni tí kò bá fiyè sí i yóò kú sójú ogun.

N kò ní purọ́, inú mi dùn. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń bẹ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì pé kí wọ́n ka gbólóhùn bí ẹni tí ń ka nǹkan tí ó lè pa ènìyàn, díẹ̀ nínú wọn ni ó sì gbọ́. Irú ìkàwé yìí kò sì ṣàjèjì sí wa rárá. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àwọn baba wa ṣe ń gbọ́ ọfọ̀. Ẹni tí ó bá fo ọ̀rọ̀ kan nínú ọfọ̀, tàbí tí ó fi ohùn ìsàlẹ̀ pe ohun tí ó yẹ kí a fi ohùn òkè pè, kò pe ọfọ̀ rárá, ariwo ni ó pa. Ìdí nìyí tí n kò fi bá àwọn ẹlẹgbẹ́ mi wí i pé àwọn ọmọ ìsinsìnyí kò lè kàwé. Wọ́n lè kà á. Ohun tí a ń fún wọn kà ni kò jọ wọ́n lójú.

Ṣùgbọ́n bí a bá yìn wọ́n fún ọ̀nà tí wọ́n gbà ń kàwé, ó yẹ kí a wo ohun tí wọ́n ń kà. Púpọ̀ nínú àwọn èènì wọ̀nyí ni kò ní làákàyè nínú. Ohun tí wọ́n ń sọ kò ju pé idà rẹ yóò máa ṣá ènìyàn díẹ̀ sí i, ìdá márùn-ún tàbí ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún. Akọni tí ó gba irú èènì bẹ́ẹ̀ kò ní yí ohunkóhun padà nínú bí ó ṣe ń jà. Ohun tí ó ń ṣe lánàá ni yóò máa ṣe lónìí, kìkì pé ọ̀tá yóò tètè kú díẹ̀. Èyí dàbí kí a fi ìpín ẹran kún oúnjẹ ẹni tí ó ti yó. Àwọn mìíràn wà tí ó dára, tí ó fi ọgbọ́n kún ìjà: èènì tí ó ní bí o bá lo irú agbára yìí tán, èkejì yóò yá ju bí ó ṣe máa ń yá lọ, tí akọni yóò fi ní láti tún ọ̀nà ìjà rẹ̀ tò láti ìbẹ̀rẹ̀. Èmi a máa pe irú èyí ní èènì tí ó ń kọ́ni, mo sì ṣàkíyèsí pé òun gan-an ni àwọn òṣèré máa ń kọ́kọ́ bínú sí, nítorí pé ó ń da ìwà wọn rú. Ó yẹ kí ó dà á rú. Aṣọ tí ènìyàn wọ̀ tí kò yí ìrìn rẹ̀ padà, kí ni ó yà á sọ́tọ̀ sí aṣọ ilé?

Ẹ jẹ́ kí a gbé aṣọ ogun kan láti ilé wa síwájú láti fi wọn èyí wò. Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn àwọn Yorùbá tí a tẹ̀ jáde ní 1921, ṣàpèjúwe bí a ṣe ń fi Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò joyè. A óò fá orí rẹ̀, a óò sín gbẹ́rẹ́ 201 sí i ní ìpàkọ́ pẹ̀lú abẹ 201, a óò sì fi oògùn láti inú àdó 201 pa ojú gbẹ́rẹ́ náà, àdó kan fún gbẹ́rẹ́ kan. Irun tí ó bá hù lójú gbẹ́rẹ́ náà kò ní jẹ́ fífá mọ́. Ṣíṣo ni a óò máa ṣo ó. Adé ìkóódẹ wà fún un, tí ìrù rẹ̀ gùn dé ìbàdí lẹ́yìn. Bàǹtẹ́ awọ ẹkùn wà, awọ ẹkùn tí yóò máa jókòó lé sì wà. Bí ó bá dé ojú ogun, kò ní mú ohun ìjà kankan dání, àfi ọ̀pá ìṣẹ́gun ọba.

Òǹkàwé tí ó mọ eré tí mo ń sọ yìí yóò ti rí i pé aṣọ ìsọ̀rí kan ṣoṣo nìyí, tí ó pé pérépéré, tí ẹlòmíràn kò sì lè wọ̀. Ẹ wo èènì rẹ̀ náà. Oògùn 201 yẹn ń sọ ọ́ di ẹni tí kì í bẹ̀rù. Ṣùgbọ́n Johnson kò dákẹ́ síbẹ̀. Ó ní orí kunkun ni gbogbo àwọn Kakaǹfò, pé wàhálà ni púpọ̀ nínú wọn jẹ́ fún ìlú, àti pé oògùn yẹn kan náà ni àwọn ènìyàn gbà pé ó fà á. Ohun tí kò jẹ́ kí ó bẹ̀rù ọ̀tá ni kò jẹ́ kí ó gbọ́ràn sí ọba lẹ́nu. Lẹ́yìn èyí ni òfin oyè náà wá dé: ní ọdún mẹ́ta-mẹ́ta, Kakaǹfò gbọ́dọ̀ jáde lọ sí ogun tí ọba bá pàṣẹ, láàárín oṣù mẹ́ta ó sì gbọ́dọ̀ padà wá bí aṣẹ́gun, tàbí kí a gbé òkú rẹ̀ wá sílé. Bí a bá kọ èyí sí orí pápá ìdánwò Blizzard, n kò rò pé òṣèré kan yóò gbà á. Wọn yóò ní owó tí ó wà lórí èènì náà ti pọ̀ jù. Níbi tí mo ti rò pé àwọn olùdá eré náà ṣe àṣìṣe nìyí: èènì tiwọn kò ní èèwọ̀. Aṣọ ń fún akọni, kò sì bèèrè ohunkóhun lọ́wọ́ rẹ̀.

Aláàfin Awólẹ̀ mọ bí a ṣe ń ka irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ó fẹ́ rẹ́yìn Afọ̀njá, Kakaǹfò rẹ̀ ní Ìlọrin, idà kọ́ ni ó fà yọ. Ó rán an lọ sí Ìwéré, ìlú tí òkè àti odi dáàbò bò, tí ó sì tún jẹ́ ìlú ìyá Aláàfin Àjàgbó, tí a kì í gbógun tì. Bí Afọ̀njá bá jà, kò lè ṣẹ́gun; bí oṣù mẹ́ta bá pé tí kò ṣẹ́gun, òfin aṣọ tí ó wọ̀ ni yóò pa á. A kò ní í fura fún un títí yóò fi rí ara rẹ̀ nísàlẹ̀ òkè náà. Afọ̀njá àti àwọn ìjòyè kọ̀, wọ́n sì yí ogun padà sí Ọ̀yọ́. Ohun tí ó ti ibẹ̀ yọ ni ó fọ́ ilẹ̀ ọba Ọ̀yọ́. Gbogbo rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti inú òfin tí ó so mọ́ aṣọ oyè kan.

N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé mo ń sọ pé aṣọ ogun tiwa kì í gbó. Ó ń gbó. Látòósà, tí ó di Kakaǹfò ní Ìbàdàn ní 1871, wọ ohun gbogbo tí ó tọ́ sí oyè náà, ibùdó ogun Kírìjì ni ó sì kú sí ní 1885. Nínú ogun yẹn, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1877, àwọn Èkìtì Parapọ̀ rí ìbọn tí a ń kì láti ẹ̀yìn rà láti Èkó. Ìró rẹ̀ ni a sì ní ó di orúkọ ogun náà. Kò sí àdó kan nínú igba ó lé kan tí ó mọ orúkọ ìbọn yẹn. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé ayé ni ó borí aṣọ náà. Kì í ṣe ẹni tí ó rán aṣọ náà ni ó jókòó tí ó ní, “Láti ọ̀la lọ, aṣọ yìí kò ní ṣiṣẹ́ mọ́, ẹ wá ra òmíràn.” Ohun tí Blizzard sì ń ṣe ní ìparí sáà kọ̀ọ̀kan nìyẹn gan-an. Oṣù mélòó kan ni ọ̀dọ́kùnrin yìí fi ń wá ẹyọ mẹ́rin náà, ní ilé tí iná kì í dúró, lórí ẹ̀rọ tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní láti rin ìrìn-àjò dé Yúróòpù kí ó tó padà, pẹ̀lú owó oṣooṣù tí a ń fi dọ́là san. Ọjọ́ tí sáà tuntun bá dé, gbogbo rẹ̀ ti di àkísà. Èènì tuntun ni ó pa ti àtijọ́. Ọlọ́jà gaàrí kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹni tí ó bu ẹ̀kúnwọ́ fún ọ lónìí tí yóò wá kó o nínú àpò rẹ lọ́la kí ó lè tún rí ọ lọ́jà.

Nígbà tí mo sọ èyí fún un, ó rẹ́rìn-ín, ó bi mí pé ṣé aṣọ ẹbí kì í ṣe bákan náà. Ó mú mi níbẹ̀. Ní òde ìnáwó wa, ẹni tí ó ra aṣọ nìkan jókòó síbì kan, ẹni tí ó ra aṣọ pẹ̀lú gèlè tàbí fìlà jókòó síbòmíràn, abọ́ ìrẹsì tí ó dé iwájú àwọn méjèèjì kì í sì dọ́gba, kí a má tilẹ̀ sọ ti ike àti agbòòrùn tí a fi ń ṣe ìrántí. Lọ́sẹ̀ tí ó tẹ̀lé e, aṣọ yẹn kò wúlò ní òde mìíràn. Síbẹ̀ ìyàwó mi ṣì ní aṣọ ẹbí ìgbéyàwó àbúrò rẹ̀ nínú àpótí, a sì mọ ẹni tí ó kú nínú àwọn tí wọ́n jọ wọ̀ ọ́.

Àwọn kan yóò ní kí ni ó kan olùkọ́ Yorùbá nínú eré òyìnbó. Ó kàn mí nítorí pé ìtàn tí ó fi ìsọ̀rí pín akọni ti wà lọ́wọ́ wa tipẹ́. Ní 1938 ni Fágúnwà gbé Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmọlẹ̀ jáde, nínú ìrìn-àjò sí Òkè Láńgbòdó ni ó sì ti kó àwọn ọdẹ jọ tí ẹ̀bùn wọn yàtọ̀ síra. Kàkó ní kùmọ̀ ẹkùn, Ìmọ̀dóyè ní ọgbọ́n, Ọlọ́hùn-iyọ̀ ní orin, Ẹlẹ́gbẹ̀dẹ̀-ọdẹ gbọ́ èdè ẹranko, tafàtafà sì ni Èfòìyẹ̀. Òṣèré World of Warcraft tí ó bá ka ibẹ̀ yóò mọ ohun tí Fágúnwà ń ṣe láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni là á yé e. Ṣùgbọ́n Fágúnwà ní ọgbọ́n ìtàn-sísọ kan tí mo fẹ́ kí àwọn olùdá eré jí kọ́. Kò sí ẹnìkan nínú àwọn ọdẹ náà tí ẹ̀bùn rẹ̀ ń di ńlá sí i bí ìtàn ti ń lọ. Ìṣòro ni ó ń yí padà, tí ó fi jẹ́ pé ẹni tí ó wúlò lánàá lè jẹ́ ẹrù lónìí. Nígbà tí wọ́n sì dé Láńgbòdó, tí ó yẹ kí èrè dé, ọjọ́ méje ni Ìrágbèje fi bá wọn sọ̀rọ̀ nípa ìwà.

Nígbà tí àwọn mìíràn sì dé ilẹ̀ wa láti wá akọni, ẹ wo bí wọ́n ṣe pín in. Nínú eré SMITE, tí ilé iṣẹ́ Hi-Rez ní Amẹ́ríkà ṣe, Yemọja wà ní ìsọ̀rí àwọn aláàbò, omi ni agbára tí ó sì ń lò. Èyí kò burú, ó tilẹ̀ fi hàn pé ẹnìkan bèèrè ọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n fi Ọlọ́run sí ìsọ̀rí àwọn onídán. Wọ́n ya àwòrán rẹ̀, wọ́n fún un ní ọwọ́ àti ẹsẹ̀, òṣèré lè ra nǹkan ìjà fún un kí ó lè lágbára sí i. Àwọn baba wa tí wọ́n gbẹ́ ère fún Ṣàngó, fún Èṣù àti fún Ìbejì, kò gbẹ́ ọ̀kan fún Olódùmarè. Kì í ṣe pé igi tán. Ẹni tí a lè fi èènì kún agbára rẹ̀ kò lè jẹ́ Ọlọ́run tí wọ́n mọ̀, èmi kò sì mọ bí ẹni tí ó wádìí Yemọja dáadáa bẹ́ẹ̀ kò ṣe rí èyí.

Ohun kan kù tí ó ń dùn mí nínú ọ̀rọ̀ aṣọ World of Warcraft. Láti ìparí 2011 ni ilé iṣẹ́ náà ti fi àyè gba akọni láti fi àwòrán aṣọ mìíràn bo èyí tí ó wọ̀ gan-an. Agbára wà lábẹ́, àwòrán wà lókè, ọ̀kan kò sì mọ èkejì. A lè rí akọni nínú aṣọ ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn kí ó sì jẹ́ pé ti òní ni ó ń jà fún un. Àwọn òṣèré fẹ́ràn rẹ̀, mo sì mọ ìdí rẹ̀: ó gbà wọ́n lọ́wọ́ aṣọ tí kò wù wọ́n. Ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n ráhùn láàárín 2018 àti 2022 pé àwọn kò mọ ẹni tí àwọn jẹ́ mọ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn ti wà lábẹ́ aṣọ tí kì í ṣe tiwọn kí ẹnikẹ́ni tó gba èènì kankan lọ́wọ́ wọn.

Lágelú, jagunjagun láti Ifẹ̀ tí a fi orúkọ rẹ̀ pe ìjọba ìbílẹ̀ tí Ìyànà Ọ̀fà jẹ́ olú ìlú rẹ̀, ni ìtàn sọ pé ó tẹ Ìbàdàn àkọ́kọ́ dó. Ìtàn náà ní aṣọ egúngún kan ni ó ṣí lójú ọjà lọ́jọ́ kan, tí àwọn obìnrin àti ọmọdé rí ohun tí wọn kò gbọ́dọ̀ rí, tí wọ́n sì fi ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tí Aláàfin gbọ́, ó pàṣẹ kí a pa ìlú náà run. Lágelú àti àwọn tí ó ṣẹ́kù sá gun òkè, èso òro àti ìgbín ni wọ́n ń jẹ níbẹ̀ títí wọ́n fi tún sọ̀ kalẹ̀. Ọ̀dọ́kùnrin ìbátan mi mọ ìtàn yìí dáadáa. Ìgbà tí mo sì rán an létí rẹ̀, ó ní eré náà tilẹ̀ ní bọ́tìnì tí a fi ń bọ́ akoto kúrò lójú, kí ojú akọni lè hàn, agbára rẹ̀ kò sì ní dín. Ó tẹ̀ ẹ́ níwájú mi, ó sì tún tẹ̀ ẹ́ padà.